Iná tí Alága Zeligman Tàn fún Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin tó máa ń kí dígí láàárọ̀ kó tó kí ìyàwó ẹ̀, ẹ ti rí Mortimer Zeligman nìyẹn, alága Ilé Àgbà àwa Júù ní Prestwich, ní ìhà àríwá Manchester. Ó ti pẹ́ lórí àga yẹn débi pé a ò rántí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀, òun náà ò sì fẹ́ ká rántí.

Iṣẹ́ Ilé Àgbà ò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn arúgbó wa tí ọmọ wọn ti kó lọ sí London tàbí Toronto ń rí ọbẹ̀ adìyẹ gbígbóná jẹ níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ń lọ gbé àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹni tó bá sì ń tọ́jú ọkọ tàbí ìyá tó ń ṣàìsàn nílé á rí ẹni bá a mójú tó o fún wákàtí díẹ̀, kóun náà lè mí. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹnu Alága lẹ ti gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé Ọlọ́run dá ọjọ́ ogbó kí Mortimer Zeligman lè rí nǹkan ṣe alága lé lórí ni.

Lọ́jọ́ tí a ra kẹ́tùlù tuntun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu tíì títí Alága fi sọ̀rọ̀ tán. Ó gbé ọwọ́ lé kẹ́tùlù yẹn lórí bíi pé ó fẹ́ ṣàdúrà fún un, ó wá gbé ohùn sókè: "Ẹ̀yin àgbà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ìṣúra tí a fi sí ìkáwọ́ mi, omi tó hó nínú ilé yìí lónìí kì í ṣe omi lásán. Omi ìlọsíwájú ni." Clive Perlow, akọ̀wé wa, ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó dé orí ìlọsíwájú, torí iṣẹ́ tí Clive mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Nígbà tí wọ́n máa fi parí gbogbo ẹ̀, omi ìlọsíwájú ti tutù, a sì tún gbé e ka iná.

Bó bá sì ń wọlé, gbogbo wa ni ká dìde. Kò pàṣẹ ẹ̀ o. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na ọwọ́, á ní, "Ẹ má dìde, ẹ má dìde," kò sì ní kúrò lójú kan náà títí ẹni tí orúnkún ẹ̀ burú jù láàárín wa á fi dìde. Bí inú bá bí i nínú ìpàdé, á ní òun fi ipò náà sílẹ̀, Clive á sì sáré dì mọ́ ọn, á máa bẹ̀ ẹ́, àwa náà á bá wọn bẹ̀ ẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán má baà tutù. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ má rò pé mò ń sọ ọ́ di ńlá. Díẹ̀ báyìí ni mo fi kún un.

Àsìkò òtútù kan ni Alága wá rí ìran. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́ kí Ilé Àgbà ní gbọ̀ngàn tí wọ́n á ti máa wo ìtàn ìgbésí ayé alága ẹ̀. Wọ́n á gbé àwòrán síbẹ̀, òun àti olórí ìlú tibí, òun àti olórí ìlú tọ̀hún, gbogbo wọn ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n á gbé ṣọ́bìrì tó fi wú erùpẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́jọ́ ìpìlẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì. Yàrá tó sì mú fún nǹkan àrà yìí ni yàrá ẹ̀yìn, èyí tí oòrùn máa ń wọ̀, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí ẹ̀. Yàrá yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń lò, ìyẹn àwọn arúgbó tí iyè ti ń fò lórí wọn. Alága ní kí ẹgbẹ́ náà ká kúrò lẹ́yìn àjọ̀dún wa tó ń bọ̀. Ibo ni kí wọ́n ká lọ? Kò sí nínú ìran.

Minna Korman lọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Avrom, ọkọ ẹ̀, ló máa ń gé aṣọ òjò ní ilé iṣẹ́ kan ní Cheetham Hill, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ aṣọ ju bí ojú ẹlòmíì ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Nísinsìnyí, Avrom ò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á wọ kóòtù, á ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, síbi iṣẹ́ tí wọ́n ti wó, tí wọ́n ti kọ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí síbẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ni Minna máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sí, kì í sì í fi ojú méjèèjì sùn. Oorun gidi tó ń sùn lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Bọ́ọ̀sì á wá gbé Avrom, wọ́n á fún un láṣọ ká, wọ́n á bá a kọ orin èdè Yídíìṣì tí ìyá ẹ̀ ń kọ fún un, Minna á sì bọ́ bàtà, á nà sórí àga nílé, á sùn bí òkúta. Dókítà ti sọ fún un pé bí kò bá ní ìsinmi yẹn mọ́, òun náà á dákú lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì gbé Avrom lọ síbi tí ẹnì kankan ò ti mọ orin tó ń kọ tàbí oúnjẹ tó jẹ́ èèwọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀, ó ti ṣèlérí fún Avrom, nígbà tí Avrom ṣì mọ ohun tí ìlérí jẹ́, pé orí bẹ́ẹ̀dì ara ẹ̀ ni á ti máa sùn títí dé òpin.

Ló bá lọ bá Alága ní ọ́fíìsì. Ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Alága jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ó tún táì ẹ̀ ṣe, ó wá fi ohùn ẹni tó ń ṣàánú èèyàn dá a lóhùn.

"Ìyáàfin Korman, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọkọ yín ò ní rántí pé yàrá yẹn wà rí. Èmi, ìtàn ò gbọdọ̀ gbàgbé mi."

"Èmi á rántí, sà," Minna ní.

Alága rò pé ó ń yin òun ni. Ó dúpẹ́, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Minna délé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún bí ọmọdé, Avrom sì jókòó tì í, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ta ló lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan nínú àṣà wa kí n tó máa lọ. Nínú sínágọ́gù wa, pátákó idẹ kan wà lára ògiri tí orúkọ àwọn òkú wa wà lórí ẹ̀, gílóòbù kékeré kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ tí èèyàn kú bá yí po, wọ́n á tan tiẹ̀. Kò sí ọmọ Júù tí kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ bàbá Zeligman wà níbẹ̀, ọdọọdún ni Mortimer sì máa ń wo iná bàbá ẹ̀ pẹ̀lú ìlara. Ó bi ìyàwó ẹ̀, Hettie, pé kí ló dé tí èèyàn ní láti kú kí wọ́n tó tan iná sórúkọ ẹ̀. Hettie ní, "Mortimer, jọ̀ọ́, má dán an wò." Mortimer káàánú ẹ̀. Ó ní obìnrin náà ò ríran jìnnà.

Ó bá lọ ṣe pátákó idẹ tirẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo, gílóòbù kan ṣoṣo, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: Ẹni Tí A Kò Lè Gbàgbé. Kò sọ fún Clive pàápàá, torí ètò ẹ̀ ni pé kí aṣọ ṣí lára pátákó náà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kóun sì ṣe bí ẹni pé àwa la ṣe é láti ya òun lẹ́nu. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu náà sílẹ̀. Ó kọ ibi tí á ti dánu dúró síbẹ̀, ó kọ ibi tí omijé á ti bọ́. Ọjọ́ Ẹtì ló mú Hettie, tí wọ́n lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Bournemouth, létí òkun, kó lè ráyè fi ìyàlẹ́nu náà dánra wò. Ó pa fóònù, kò sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ẹnì kankan. Hettie ní tiẹ̀ kì í mú fóònù ẹ̀ dání, inú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná ló máa ń wà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà, tí gbogbo wa ti lọ sílé lọ múra ọjọ́ ìsinmi, oníṣẹ́ iná kan wá láti Bury, kì í ṣe Júù, ó kan pátákó náà mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìjẹun wa. Alága ti sọ fún un pé iná yẹn kò gbọdọ̀ kú. Oníṣẹ́ iná tàn án, ó fi aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì bò ó, ó lọ mu bíà tiẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, Sátidé dé, ọjọ́ ìsinmi wa. A ti sínágọ́gù dé, a jókòó ti ẹran àti ẹ̀wà tó ti ń hó láti àná, Avrom Korman sì rí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Avrom ò lè rí aṣọ kó má fọwọ́ kàn án. Ó dìde, ó fi ìka méjì rà á wò, ó mi orí, ó fà á, aṣọ bọ́. Ó dá a bo èjìká, ó padà sídìí oúnjẹ ẹ̀.

Gbogbo wa bá ka ohun tó wà lára ògiri: Mortimer Zeligman, Ẹni Tí A Kò Lè Gbàgbé, iná sì ń tàn roro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Dora Lipsitz, tó mọ àìsàn gbogbo ẹni tó wà ní Prestwich, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kúkú rí ọkọ̀ aláìsàn ní àdúgbò Alága lọ́jọ́rú. Ẹlòmíì ní àwọ̀ ojú ẹ̀ ò dáa mọ́ láti ìgbà kẹ́tùlù. Kí a tó jẹun tán, ọkàn ti pa Alága, ẹ̀dọ̀ ti pa á, ó sì ti ṣubú ní balùwẹ̀. Ẹ wò ó, kí là bá ṣe? A kì í tan iná, a kì í pa iná lọ́jọ́ ìsinmi, a kì í sì í fọwọ́ kan fóònù. Iná ń jó níwájú wa, a ò lè pè é ká bi í bóyá ó ti kú. Ẹsẹ̀ la fi gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri. Rábì wa ì bá ní ká ṣe sùúrù, àmọ́ Rábì ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Antwerp. Nígbà tí ìràwọ̀ yọ, tí ọjọ́ ìsinmi parí, tí a wá pe Alága, fóònù ẹ̀ kú. Ti Hettie ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ilé wọn ṣókùnkùn. Àwa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà a bi ara wa ibi tí wọ́n gbé e lọ, Dora sì yanjú ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní irú ọkùnrin yẹn ò lè gbà kí wọ́n sin òun sí Manchester. Jerúsálẹ́mù ni wọ́n gbé e lọ. Gbogbo wa gbà pé òótọ́ ni.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Clive Perlow pe ìpàdé gbogbogbòò. Gbọ̀ngàn kún ju bó ṣe ń kún nígbà tí Alága wà láàyè. Clive dìde, ó nu ojú, ó ní òpó ti wó, fìtílà ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fìtílà ọ̀hún ń tàn gan-an lẹ́yìn orí ẹ̀. Ó ní Prestwich ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ sídìí àga Alága, nígbà tí yóò sì fi dé orí ìrora tó bá a, ó ti jókòó sínú ẹ̀. Ẹnì kan ní kí Clive máa ṣe é lọ. A nawọ́. Clive ní òun ò yẹ, ó sì fa àga náà sún mọ́ tábìlì.

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé oore wo ni ká ṣe ní ìrántí olóògbé, torí bí èèyàn bá kú láàárín wa, a máa ń ṣe oore kan lórúkọ ẹ̀. Ẹnì kan ní ká gbin igi. Òmíràn ní ká ra àga tuntun. Minna Korman wá dìde, ẹ̀wù ẹ̀ ò báramu, Avrom dì í lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Mi ò mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Alága sọ fún mi pé òun ò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé òun. Ẹ jẹ́ kí yàrá ẹ̀yìn wà fún ẹgbẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ìrántí ẹ̀, kí wọ́n sì fi Ọjọ́bọ̀ kún un. Ó ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ kan ò tó mi, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tó jókòó síbí, ọjọ́ kan ò tó yín."

Obìnrin kan lẹ́yìn bú sẹ́kún. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ìyá ẹ̀ nawọ́ kí wọ́n tó ní ká nawọ́. Ta ló fẹ́ bá òkú du oore? Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Mo ti bi Minna lẹ́yìn ìgbà náà bóyá ó gbà lóòótọ́ pé Alága ti kú. Ó wò mí, ó ní ṣé òun ló tan iná ni.

Ní wákàtí yẹn, Mortimer Zeligman ń wakọ̀ bọ̀ wálé, ó ń la ẹnu, ó ń dì í, ó ń fi ìyàlẹ́nu dánra wò nínú dígí ọkọ̀. Wọ́n bá àwọn aládùúgbò lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹyin sísè àti búrẹ́dì roboto, oúnjẹ ilé ọ̀fọ̀. Obìnrin àkọ́kọ́ dì mọ́ Hettie, ó ní, "Ẹ̀mí yín á gùn." Níhìn-ín, ẹni tí èèyàn bá kú fún nìkan la máa ń sọ ìyẹn fún. Hettie wo ọkọ ẹ̀, tó ń gbé àpótí sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun," nítorí kò mọ nǹkan míì tó lè sọ. Mortimer sáré wọlé. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti bá wọn ṣe ètò ilé ọ̀fọ̀ bó ṣe yẹ, ó ti to àga kúkúrú sílẹ̀, ó sì ti fi aṣọ bo gbogbo dígí. Dígí wọn pọ̀ níbẹ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti tán nílé. Mortimer ṣí ọ̀kan wò bóyá òun ṣì wà.

Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń ṣèpàdé lórí ikú òun, ó wọ gbọ̀ngàn bí ìjì. Kò rántí na ọwọ́, kò sì sẹ́ni tó dìde. Bàbá Feivel, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní ó yà òun lẹ́nu pé ó ti tètè dé láti Jerúsálẹ́mù.

"Ta ló jókòó sórí àga mi?" Alága bú ramúramù.

Clive ò dìde. Ó ní, tìtìjú tìtìjú, pé ìpàdé ti dìbò, pé inú wọn dùn gidigidi pé olóògbé wà láàyè, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń dààmú ilé, ìyẹn ni ti pátákó: ọ̀tá wo ló tan iná òkú fún Alága wa?

Ká ní Mortimer dákẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán. À bá wá ọ̀tá, à bá bínú sí i, à bá padà sídìí tíì. Àmọ́ ta ló rí Mortimer kó dákẹ́ rí?

"Ọ̀tá kẹ̀? Èmi ni mo ṣe é! Èmi fúnra mi ni mo tan iná yẹn, torí ẹ̀yin tó yẹ kẹ́ ẹ tàn án ò láròjinlẹ̀."

Dora Lipsitz ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò bò ó. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ti ràn. Àwọn tí wọn kì í lè dìde nítorí orúnkún ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ìyá kan yọ eyín àtọwọ́dá ẹ̀ sápò kó má baà gbé e mì. Mortimer ń pariwo pé gbogbo ohun tí wọ́n dìbò lé di òfo, yàrá ẹ̀yìn sì di òfo.

Minna ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn wá síwájú ẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́ mi, sà? Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbọ́, ó sọ ọ́. Clive bá béèrè ẹni tó bá fara mọ́ Alága àná. Ọwọ́ kankan ò lọ sókè. Mortimer wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun fi ipò sílẹ̀ pátápátá, ó wá dúró kí Clive wá dì mọ́ òun. Clive ní, "A gbà á tẹ̀dùntẹ̀dùn," ó sì pe ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ẹ̀yin lè rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ṣebí ó yẹ kó parí síbẹ̀, kí agbéraga ṣubú, ká pàtẹ́wọ́, ká lọ jẹun. Ṣùgbọ́n Hettie Zeligman ló wá kan ilẹ̀kùn Minna nígbà tí òjò ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀, ojú ẹ̀ wú, irun ẹ̀ dúró gán-ín. Ó ní láti ìgbà tí Mortimer ò ti ní ìpàdé mọ́, òun ni ìpàdé. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí bọ́tà, ó ń dá àbá lórí ìbọ̀sẹ̀, ó ń sọ àsọyé títí oorun á fi gbé e lọ, bó bá sì yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa bá a lọ níbi tó dé. Hettie ní òun ò sùn mọ́. Ó béèrè bóyá àyè ṣì wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Minna rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Nígbà tó sì rí i pé omijé wà lójú obìnrin náà lóòótọ́, ó fà á wọlé, ó gbé tíì fún un, ó ní kò sẹ́ni tó ń tọ́jú ọkọ tí wọn kì í gbà láyè.

Báyìí ni bọ́ọ̀sì ṣe ń gbé Mortimer Zeligman lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, ó dúró nínú oòrùn, ó tún táì ṣe, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù ń ká aṣọ wọn. Avrom Korman nìkan ló gbé ọwọ́ kúrò, ó la ẹnu, ó gbọ́ ọ dópin, ó pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ ẹ̀ fi pọ́n, ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé òun. Ó wá béèrè ta ni ọkùnrin yìí. Mortimer sọ orúkọ ẹ̀ àti gbogbo oyè ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, àsọyé kan náà, àtẹ́wọ́ kan náà, Avrom ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀, ta ni ọkùnrin yìí. Ọ̀sẹ̀ kẹta bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí ojú Mortimer bí àwọn oyè yẹn ṣe ń dín kù lẹ́nu ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Avrom tún pàtẹ́wọ́ tán, ó tún gbójú sókè béèrè ta ni ọkùnrin yìí.

"Mortimer ni mí," ó ní, ó sì fa àga sún mọ́ ọn. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Minna àti Hettie ò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Àwọn méjèèjì ń sùn, kóówá nílé ẹ̀.